Ẹ Má Béèrè Iye Gásíkẹ́ẹ̀tì, Ẹ Béèrè Ohun Tí Wọ́n Fẹ́ Tú

Ọ̀rọ̀ àsọyé yìí wáyé níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá onímọ́tò ní Kubwa, Àbújá. Mo ti yọ àwàdà tó pọ̀ jù kúrò nínú rẹ̀, mo sì fi díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìparí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Nyanya àti Mararaba wá, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Wọ́n ní kí n wá sọ iye tí yóò náni láti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì tó ń jò. Mo rí i pé àwọn kan ti mú bírò jáde. Ẹ dá a padà ná. Iye tí wọ́n pè ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Zuba lánàá lè má jẹ́ iye tí wọn yóò pè lọ́la, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi orúkọ mi bá ọlọ́jà jà. Ohun tí mo lè fi lé yín lọ́wọ́ ni bí owó náà ṣe pín: èyí tó ń lọ sórí ọjà, èyí tó ń lọ sórí iṣẹ́, àti èyí tó kàn ń ṣòfò. Èyí tó ń ṣòfò ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń rí ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ohun pẹlẹbẹ tó máa ń wà láàárín irin méjì tí a fi bóòtù dè pọ̀, kí ohun tó wà nínú má baà jáde. Òmíràn jẹ́ rọ́bà, òmíràn jẹ́ páálí líle, ti tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì tó dé búlọ́ọ̀kù lókè, sì sábà máa ń jẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tò lé ara wọn. Síìlì ni ìbátan rẹ̀ tó ń ṣọ́ ibi tí irin ti ń yí, bí iwájú àti ẹ̀yìn kíráǹkì, irin gbọọrọ tí písítìnì ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀rọ̀ wa lónìí, n óò máa pè wọ́n pọ̀, nítorí pé tí ọ́ìlì bá ti ń kán sílẹ̀, onímọ́tò kì í bìkítà èwo ni gásíkẹ́ẹ̀tì, èwo ni síìlì.

Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta wò nínú Camry onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ti orí tápẹ́ẹ̀tì wà lókè pátápátá: ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ kọ́ìlì tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì, ẹ tú bóòtù díẹ̀, ẹ ti dé ibẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á ṣe é tán láàárín wákàtí kan sí méjì. Ti sọ́ǹpù, àwo tí ọ́ìlì ń gbé, wà nísàlẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè kí wọ́n sì da gbogbo ọ́ìlì nù. Síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì ni ìkẹta. Rọ́bà róbótó kan péré ni, kò sì wọ́n tó bí a ṣe ń rò. Ṣùgbọ́n gíá ló dúró níwájú rẹ̀. Kí ọwọ́ tó lè kàn án, wọ́n ní láti tú ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí wọ́n fa ṣáfútù yọ, kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, kí wọ́n sọ gíá kalẹ̀. Odindi ọjọ́ kan nìyẹn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà kékeré tó wà nínú páìpù omi lẹ́yìn táìlì ilé ìwẹ̀ kò wọ́n. Ẹni tó bá ti fọ́ táìlì rí ló mọ ibi tí owó wà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má béèrè pé èló ni gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè pé, kí lẹ fẹ́ tú kí ẹ tó dé ibẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè yìí kò ṣòro, nítorí pé wákàtí ni wọ́n ń tà. Ìwé wà tó sọ iye wákàtí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà, wákàtí kan sì máa ń kọjá 100 dọ́là ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù lè máà tó 100 dọ́là, kí owó iṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sì kọjá 1,500. Ẹni tó bá rí irú ìwé owó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tí owó wọlé sí. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Owó iṣẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, a sì tún máa ń ná an. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná an ní Apo: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ìyá ni wá." Nítorí pé iṣẹ́ rọrùn lójú wa, a máa ń tètè ní kí wọ́n tú u. Wọ́n tú u lónìí, ó tún jò, wọ́n tún tú u. Ní ìlú tí wọ́n ti ń ta wákàtí, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ sọ gíá kalẹ̀ nítorí ìfura.

Ọjà ló sì ti wọ́n sí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí a ń lò, òkè òkun ni púpọ̀ jù lọ ti ń wá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀, dọ́là kan tí iye rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba kò tíì tó ₦500 bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sì ń lọ yí ₦1,500 ká nígbà tó di 2024. Owó mẹkáníìkì kò gòkè tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, nígbà tí ọwọ́ bá ti há, ibi tí ojú onímọ́tò kọ́kọ́ máa ń lọ ni pé kí wọ́n bá òun wá èyí tó rọ̀jú. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe ìṣirò. Iye tí mo fẹ́ pè yìí, àpẹẹrẹ lásán ni o.

Ká ní síìlì ẹ̀yìn tó dáa jẹ́ ₦9,000, ayédèrú sì jẹ́ ₦3,000. Ká ní owó iṣẹ́ jẹ́ ₦40,000. Ẹni tó ra ayédèrú ti jèrè ₦6,000, inú rẹ̀ dùn délé. Tí síìlì náà bá gan láàárín oṣù mélòó kan, ₦40,000 ni yóò tún san, yàtọ̀ sí síìlì tuntun àti ọ́ìlì gíá tó dà nù. Ẹ wá fi wé ti orí tápẹ́ẹ̀tì, níbi tí owó iṣẹ́ lè jẹ́ ₦10,000 nínú àpẹẹrẹ wa. Níbẹ̀, ayédèrú kò dáa náà, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ mọ níwọ̀n. Bí ohun tí a fẹ́ pààrọ̀ bá ṣe jìn sínú ẹ́ńjìnnì tó ni kò fi yẹ ká ná ọjà rẹ̀. Èmi ò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ kó ye yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dáa. Ká kúrò lórí ọjà, ká wá sórí ohun tó ń jẹ owó wa jù, ìyẹn ni kí wọ́n tú ibi tí kò jò.

Ọ́ìlì kì í sábà kán sílẹ̀ ní ibi tó ti jáde. Ó máa ń ṣàn wálẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà a sì máa tì í lọ sẹ́yìn. Ọ́ìlì tó bá ń yọ ní igun ẹ̀yìn orí tápẹ́ẹ̀tì yóò rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì títí dé ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíá ti pàdé, ibẹ̀ ni yóò ti máa kán. Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí ọ́ìlì lójú oríkèé yẹn, ó dìde, ó ní, "Síìlì ẹ̀yìn ti lọ." Wọ́n sọ gíá kalẹ̀. Wọ́n fi síìlì tuntun sí i. Ọkọ̀ jáde, ó dé ilé, ó kán sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti gba ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe báyìí fún lẹ́ẹ̀mejì, tó jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀, èyí tí wákàtí kan tó láti pààrọ̀, ló ń dà wọ́n láàmú.

Eruku Àbújá tún ń kún un. Láti oṣù Kọkànlá tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, eruku tó bá lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì yóò di ẹrẹ̀ dúdú tó bo gbogbo ara ẹ́ńjìnnì. Kò sí ojú tó lè rí orísun jíjò lábẹ́ ìyẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, ẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Ẹ fi ọ̀rá bo ibi tí iná mànàmáná wà, ẹ lo ọṣẹ tó ń bó gírísì, ẹ má fi omi alágbára wọ́n kọ́ìlì. Tó bá gbẹ tán, ẹ bu pọ́dà ọmọdé, ẹ fín in sí àwọn ibi tí ẹ fura sí, ẹ wà á lọ sí Gwarinpa kí ẹ padà. Pọ́dà funfun, ọ́ìlì dúdú: ibi tí ìlà àkọ́kọ́ bá ti fara hàn lókè jù lọ, ibẹ̀ ló ti ń jò. Nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n máa ń da oje kan sínú ọ́ìlì tó ń tàn yòò tí wọ́n bá tan iná aláwọ̀ èsè àlùkò sí i. A ní in níbí náà, ṣùgbọ́n pọ́dà ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ilé tí kò sí.

Ohun kejì tó ń mú kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì lásán ni fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí. Nígbà tí bẹntiróòlù bá ń jó lórí písítìnì, èéfín díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì kọjá sísàlẹ̀. Fáàfù yìí ló ń fa èéfín náà padà kó lè jó tán. Tí ìdọ̀tí ọ́ìlì bá dí i pa, èéfín kò ní ọ̀nà àbáyọ, yóò máa ti ọ́ìlì gba ibikíbi tó bá rọ̀ jù lọ. Síìlì tuntun wọlé, ó jò; òmíràn wọlé, ó jò. Ọkọ̀ tó bá ń jò níbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó ti wo PCV. Nínú púpọ̀ nínú àwọn Toyota tí a ń gùn, a lè fi ọwọ́ mì í: tó bá ń dún wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀, ìrètí ń bẹ, tó bá dákẹ́, ó ti kú. Owó rẹ̀ kò tó ká máa sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi sáàárín irin méjì kó má baà jò. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wà níbí, ẹ má bínú sí mi.

Gọ́ọ̀mù kò burú. Àwọn ibì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lò. Sọ́ǹpù ọ̀pọ̀ Toyota kò ní gásíkẹ́ẹ̀tì mìíràn yàtọ̀ sí i. Ohun tó burú ni bí a ṣe ń fi í. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kó jẹ́, lórí irin tó mọ́ tó sì gbẹ. Èyí tí mo ń rí ni pé wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìdì ńlá, lórí ọ́ìlì àti gọ́ọ̀mù àtijọ́. Tí wọ́n bá di bóòtù, ohun tó ṣẹ́kù á tú síta, á sì tú sínú. Èyí tó tú síta, ẹ ń rí i. Èyí tó tú sínú yóò gan, yóò já, yóò bọ́ sínú ọ́ìlì, yóò lọ lẹ̀ mọ́ asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà wọ páǹpù. Nígbà tí asẹ́ bá ti dí, ọ́ìlì kò ní gòkè mọ́. Iná pupa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, awakọ̀ ní kí òun rọra sún dé ilé, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Ẹni tó sá fún owó gásíkẹ́ẹ̀tì ti wá ń wá owó ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀.

Bóòtù náà ńkọ́? Bóòtù orí tápẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ agbára. Ìwọ̀n bíi 10 Nm ló ń gbà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ìyẹn ni pé ọwọ́ kan lásán lórí sípánà kékeré tó o. Ọmọ iṣẹ́ tó bá jẹun yó láàárọ̀ á dì í bíi nọ́ọ̀tì táyà, rọ́bà á fún jáde, kọ́fà oníke á sán. Ẹ béèrè bóyá ilé mẹkáníìkì yín ní tọ́ọ̀kù rẹ́ǹṣì, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń di bóòtù. Mo mọ̀ pé ó máa ń dà bí ẹni ń ṣe fáàrí, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tó ń jáde síta ni. Ti tọ́ọ̀pù yàtọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ń pín nǹkan mẹ́ta níyà tí kò gbọ́dọ̀ pàdé: iná tó ń jó lórí písítìnì, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, àti ọ́ìlì. Tó bá ti já, ó lè má sí ohun kan tí yóò kán sílẹ̀ rárá. Omi á kàn máa dín nínú rédíétọ̀ láìsí ibi tó gbà. Sàláńsà á máa rú èéfín funfun nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán. Páìpù rédíétọ̀ á le gbọin láìpẹ́ tí ẹ bá sáná sí i láàárọ̀. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ọ́ìlì á funfun bíi tíì oníwàrà.

Ooru ló sábà máa ń pa á. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé oòrùn ilẹ̀ Hausa ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ooru Àbújá lè sún mọ́ 40°C ní oṣù Kẹta, Sókótó àti Maiduguri sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó péye ń ṣiṣẹ́ ní bíi 90°C, wọ́n sì ṣe é kó lè gba ooru yìí. Àwa fúnra wa la máa ń gba ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A yọ tẹmọ́sítáàtì, fáàfù tó ń darí omi ẹ́ńjìnnì, sọ nù. A fi ìdérí rédíétọ̀ tó ti rọ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdérí yẹn ló ń há omi mọ́ tí kì í fi í hó ní 100°C. A da kóólà, oje tó yẹ kó wà nínú rédíétọ̀, nù, a bu omi kànga. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Jos, ẹ tẹ́tí: ìlú náà ga tó bíi mítà 1,200 sókè òkun, omi lásán sì ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 96°C. Ọkọ̀ tó ń ṣe dáadáa ní Kubwa pẹ̀lú ìdérí tó ti kú lè gbé omi sókè lórí òkè yẹn. Ìdérí kan péré ni.

Àwọn bàbá wa tó wà níjokòó rántí Peugeot 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. Irin dúdú ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù rẹ̀. Bí ooru bá dé, alumíníọ̀mù máa ń wú tó ìlọ́po méjì irin dúdú. Tó bá gbóná jù, tọ́ọ̀pù á tẹ, gásíkẹ́ẹ̀tì á já. Àwọn mẹkáníìkì Kàdúná ayé ìgbà yẹn mọ ọkọ̀ náà ju àwọn tó ṣe é lọ, bí ẹ bá bi mí. Tí wọ́n bá ti gbé tọ́ọ̀pù 504 kúrò, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ẹ́ńjìnnì mọ́, kí láínà, àgbá irin tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, má baà kúrò ní ìjókòó rẹ̀ kí omi má baà gba ìsàlẹ̀ wọ ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ òde òní kò mọ irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ tọ́ọ̀pù kì í ṣe kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n ju gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sáàárín, kí wọ́n dé e padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin gbọọrọ tó tọ́ gérégéré wo ojú tọ́ọ̀pù náà. Àyè tí ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe gbà láàyè kò ju 0.05 mm sí 0.10 mm lọ, ìyẹn ni pé ojú lásán kò lè rí i. Tó bá ti tẹ, wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń fá ojú tọ́ọ̀pù. Bóòtù tọ́ọ̀pù nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní máa ń nà tí wọ́n bá dì í. Ìwé àtúnṣe a máa sọ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Láti àárín ni wọ́n ti ń dì í lọ síta, díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi owó gbogbo èyí kún ti gásíkẹ́ẹ̀tì, ti ọ́ìlì tuntun, ti kóólà tuntun. Ẹni tó bá pe owó tí kò ní ìfájú nínú, tí kò sì ní ìwọ̀n nínú, iṣẹ́ àbọ̀ ló ń tà fún yín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Camry tí a ń pè ní Big Daddy, nítorí pé ó pọ̀ ní Àbújá bí nǹkan míì. Ẹ́ńjìnnì 2.4 rẹ̀, 2AZ-FE, ní àléébù kan tó lókìkí. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, àwọn ojú ihò tí bóòtù tọ́ọ̀pù wọ̀ sí, pàápàá lẹ́yìn, kò lágbára tó. Bó pẹ́ bó yá, bóòtù á fa ojú ihò yọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Tọ́ọ̀pù kò ní há mọ́, omi á máa jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á máa gbóná. Toyota padà jẹ́ kí ojú ihò náà gùn sí i nínú èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé mẹkáníìkì: wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, bóòtù kò dì mú, wọ́n ní ó ti dì mú. Oṣù kan, ó padà. Wọ́n tún pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Gásíkẹ́ẹ̀tì ò ṣẹ̀ wọ́n. Ojú ihò ló yẹ kí wọ́n gbẹ́, kí wọ́n sì fi irin olójú tuntun kan sínú rẹ̀ kí bóòtù lè rí ibi dì mú. Iṣẹ́ yẹn wọ́n, ó sì fẹ́ ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀. Tí wọn kò bá lè ṣe é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u.

Nígbà míì, ìṣirò á fi hàn pé ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ ló yá jù. N kò ní bá yín jiyàn. Àmọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà ṣì wà nílẹ̀ nínú iyanrìn, kí wọ́n tó gbé e wọlé, ẹ ra síìlì iwájú, síìlì ẹ̀yìn àti gásíkẹ́ẹ̀tì orí tápẹ́ẹ̀tì. Ibi síìlì ẹ̀yìn tó máa ná yín lódindi ọjọ́ kan tó bá wọ inú ọkọ̀ tán, ó wà ní gbangba níwájú yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bákan náà, ẹni tó bá ń sọ gíá kalẹ̀ nítorí kílọ́ọ̀ṣì, kó pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń ṣe tọ́ọ̀pù, kó wo páǹpù omi.

Ṣé gbogbo jíjò ló yẹ ká ṣe? Rárá o. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti pé ọdún ogún, tí ẹ rí ọ́ìlì tó kàn rin ẹ̀gbẹ́ sọ́ǹpù, tí kò tíì kán, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ máa wo ọ́ìlì yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbóná, tó wá ń lé ẹ̀kán ọ́ìlì kan kiri, kò rí ibi tí ikú wà. Àwọn tí n kò lè gbà fún ẹnikẹ́ni ni ọ́ìlì tó ń kán sórí ìbẹ̀rẹ̀ sàláńsà lára ẹ́ńjìnnì, nítorí ojú irin yẹn lè gbóná ju 400°C lọ, iná sì lè ràn; ọ́ìlì tó ń wọ ihò púlọ́ọ̀gì, nítorí yóò ba kọ́ìlì jẹ́, kọ́ìlì kan sì lè wọ́n ju gásíkẹ́ẹ̀tì náà lọ; ọ́ìlì tó ń kán sórí bẹ́líìtì; àti ohunkóhun tó bá kan omi.

Àwọn ìbéèrè díẹ̀.

Màmá kan béèrè nípa oògùn tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì tàbí rédíétọ̀ kí jíjò lè dáwọ́ dúró. Mo dá wọn lóhùn pé: "Màmá, ti inú ọ́ìlì máa ń rọ rọ́bà tó ti gan díẹ̀, ó lè dín ẹ̀kán kù fún ìgbà kan. Tí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti já, kò lè ran an. Ti inú rédíétọ̀, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ihò tó ń jò àti ihò tó yẹ kí omi máa gbà. Tẹ́ ẹ bá wà lójú ọ̀nà Lókójà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ dà á kí ẹ lè délé. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wá mi wá."

Arákùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ kó èrò ní ọkọ̀ òun ń jò, òun sì fẹ́ wà á lọ sí Adó-Èkìtì lọ́dún Kérésì. Mo ní kó fi ọ́ìlì kún un dé ojú àmì, kó wà á bó ṣe ń wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tún wò ó. Tí kò bá tíì dé àárín àmì méjèèjì, kó máa lọ, kó mú gálọ́ọ̀nù kékeré kan dání, kó sì dúró wò ó ní Lókójà àti ní Kabba nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti sinmi díẹ̀. Tó bá ti wọ àmì ìsàlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹni tó kẹ́yìn bi mí pé báwo lòun ṣe lè mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, nígbà tí òun kò lè jókòó tì wọ́n láti àárọ̀. Mo ní kó gba èyí tó gbó padà, pẹ̀lú páálí tuntun tí wọ́n ti yọ ọ́, kó sì sọ fún mẹkáníìkì kó fi fóònù ya ibẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní ṣíṣí. Kó wá fi èékánná tẹ rọ́bà àtijọ́ náà. Tó bá ṣì rọ̀, tó ń padà sípò rẹ̀, kó padà lọ bi wọ́n ohun tí wọ́n tú u fún.